Ìfé Tó Já Lórí Àtẹ̀gùn

"'Ibi iṣẹ́ wa? Hẹ̀n! Ibi iṣẹ́ wa mọ́ ju àwo tí o fi ń jẹun lọ! O lè da ìrẹsì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ibẹ̀ kí o máa ṣà á jẹ!'"

Aránṣọ ló ń sín ọkọ rẹ̀ jẹ báyẹn o. Ó ki ohùn nípọn bí ohùn ọkùnrin, ó ti àyà síwájú, ó ń mi orí bí ẹni tó ni gbogbo àdúgbò. Téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Tí ẹ bá dijú, ẹ máa búra pé ọkọ fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

Ọkọ ọ̀hún rèé, ó jókòó sáàárín àtẹ̀gùn, kẹ́ẹ̀gì omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì kékeré ni o, irú èyí tí ọmọdé fi ń ṣeré. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gba ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀rín lásán, ẹ ò lè rín in tán. Bàbá wọn, orí àtẹ̀gùn yìí kan náà lẹ ti máa ń gbé mi pọ̀n gun òkè tí iná bá lọ. Lónìí, omi ìfọwọ́ lásán ló dá yín jókòó."

"Ọ̀fìnkìn ni."

"Ọ̀fìnkìn wo ló ń ṣe orúnkún?"

"Ìyá wọn, fi mí sílẹ̀ kí n mí, jọ̀ọ́."

"Ohun tí mo torí ẹ̀ ń bá yín jà náà nìyẹn. Kí ẹ mí!"

Kò sẹ́ni tó ń pe ọkùnrin yìí lórúkọ mọ́. Onífèé ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àwọn ọmọ tí ò tíì lè sọ̀rọ̀ dáadáa pàápàá, "Fèé, Fèé" ni wọ́n ń ké sí i. Tó bá ti ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, láti ìsàlẹ̀ òpópónà, níbi tí wọ́n ti ń fẹ́ táyà, lẹ ti máa gbọ́ ọ. Orin kan ṣoṣo ni. Á máa lọ sókè, sókè, á wá yí wálẹ̀ wẹ́rẹ́ bí ẹyẹ tó fẹ́ bà. Fíì-fíì-fííííì-fíò! Ìfé ọ̀hún ò ní já títí táá fi gun àtẹ̀gùn dé iwájú ilẹ̀kùn. Ajá ilé kejì á máa gbó. Aránṣọ á dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró, á ní, "Ẹ ṣílẹ̀kùn fún ariwo."

Iṣẹ́ rẹ̀ náà ò jọ tẹlòmíì. Ẹ mọ àwọn irin gbọọrọ tó máa ń yí nínú ẹ̀rọ ńláńlá? Tó bá pẹ́, ara wọn á jẹ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Dípò kí wọ́n jù wọ́n nù, ọ̀dọ̀ Onífèé ni wọ́n ń gbé wọn wá. Nǹkan kan ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ tó dà bí ìbọn, iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n á da irin tí wọ́n ti lọ̀ kúnná bí ìyẹ̀fun sí i, níkẹ́lì ni wọ́n ń pe irin náà, iná á yọ́ ọ, ìbọn á sì fín in sára èyí tó jẹ, bí àwọn akunmọ́tò ṣe ń fín ọ̀dà. Tó bá tutù, wọ́n á rẹ́ ẹ kó dán. Irin á di tuntun.

Inú yàrá kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ irin ni wọ́n ti ń ṣe é. Yàrá ìfín ni wọ́n ń pè é. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n ń lò ó: òun, Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́, àti Òpó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ kì í sinmi, ohun tó ń jẹ kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Òpó ní tiẹ̀ ga débi pé ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó gba ẹnu ọ̀nà kọjá, tó bá sì gbàgbé, gbogbo ilé iṣẹ́ á gbọ́. Kálukú wọn ló ní ìbòmú onírọ́bà, èyí tó ń mú kí èèyàn jọ ẹlẹ́dẹ̀. Nǹkan ọ̀hún gbóná, ó ń fún ojú, òógùn á kún inú rẹ̀. Nítorí náà, tí iná ìbọn bá ti kú báyìí, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń wà lẹ́nu wọn: ṣé ká bọ́ ọ?

Onífèé ló wá dá ọgbọ́n kan. Ó ra tọ́ọ̀ṣì kékeré kan tí orí rẹ̀ pupa. Tí wọ́n bá ti fín nǹkan tán, á pa gíloòbù, á tan tọ́ọ̀ṣì, á wo inú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ṣé ẹ ti rí bí eruku ṣe máa ń jó nínú oòrùn tó gba ojú fèrèsé wọlé? Ohun tó ń wá nìyẹn. Tí eruku bá ṣì ń jó, ìbòmú ò gbọdọ̀ kúrò lójú. Tó bá wálẹ̀ tán, tí ìmọ́lẹ̀ mọ́ gaara, Onífèé á bọ́ tiẹ̀, á súfèé: Fíì-fíì-fííííì-fíò! Òun nìyẹn. Kí kálukú bọ́ ọ.

Inú ọ̀gá wọn dùn sí i púpọ̀. Onítáì ni wọ́n ń pe ọ̀gá náà, torí ooru yòówù kó mú, kò bọ́ táì rí. Imú ló fi ń sọ̀rọ̀, bíi pé ẹnu wà fún oúnjẹ nìkan. Ó ní, "Onífèé, ọlọ́gbọ́n ni ẹ́, ń gbọ́? Ọlọ́gbọ́n!" Tí àlejò bá wá wo ilé iṣẹ́, á ní kí Onífèé wá tan tọ́ọ̀ṣì fún wọn rí.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Nígbà ìyẹ̀fun àtijọ́, ọgbọ́n yẹn ṣiṣẹ́. Eruku ọ̀hún wúwo, ẹ̀ ń fojú rí i bó ṣe ń bọ̀ nílẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé tí Onífèé bá fun imú nírọ̀lẹ́, dúdú ni, tó bá tutọ́, dúdú ni. Aránṣọ a sì máa fi igi gbé áńkáṣíìfù rẹ̀ sínú omi ọṣẹ bí ẹni gbé òkú eku.

Ìgbà tí wọ́n wá kó ìyẹ̀fun tuntun dé, díẹ̀ ló kù kí wọ́n jó. Ó kúnná! Tí ẹ bá tẹ ìka bọ inú rẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Bó ṣe ń dán lára irin, ẹ lè wo dígí nínú rẹ̀. Èyí tó wá dùn mọ́ wọn jù ni pé tí iná bá ti kú tí Onífèé tan tọ́ọ̀ṣì, kò sí nǹkan kan. Gaara! Kò séruku, kò síjó. Kí Òpó tó nà tán, ìfé ti dún. Imú ò dúdú mọ́, itọ́ ò dúdú mọ́. Aránṣọ fi ọwọ́ lásán mú áńkáṣíìfù.

Bí wọ́n ṣe sọ yàrá ìfín di pálọ̀ nìyẹn. Oòrùn ò débẹ̀, ó tutù ju gbogbo ilé iṣẹ́ lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán, ibẹ̀ ni Òpó ti ń na ara rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á yọ síta bí igi tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ fi ìbòmú tiẹ̀ kọ́ ìṣó, ó dojú inú rẹ̀ sókè, ó sì ń da ẹ̀pà síbẹ̀. Ó ní àwo aláfẹ́fẹ́ ni.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Onífèé délé tó ní ibi iṣẹ́ àwọn mọ́ ju àwo ìjẹun lọ. Aránṣọ ò sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Kì í gbàgbé ọ̀rọ̀ kankan, ẹ bi gbogbo àwa tá a jọ ń gbé inú ilé yìí, pàápàá èmi tí yàrá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sórí àtẹ̀gùn.

"Ẹ gbọ́ mi," ni Aránṣọ wí. "Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Kí ẹ súfèé yín wá sókè bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe. Tí kò bá já, mi ò tún dárúkọ ọsibítù létí yín mọ́. Ṣùgbọ́n tó bá já, lọ́la, èmi ni mo ni yín."

"Ìwọ lo fẹnu ara rẹ sọ ọ́ o!"

"Èmi náà ni."

Onífèé gbéra. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jó bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, torí lójú tiẹ̀, ó ti borí. Àwọn ọmọ àdúgbò pé jọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó fi ahọ́n tọ́ ètè, ó ká ẹnu roboto, ó gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn àkọ́kọ́.

Fíì-fíì-fíí… fùù.

Afẹ́fẹ́ lásán. Bíi táyà tí ìṣó gún.

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Ó padà sísàlẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Fíì-fí… fùù. Ó tún un ṣe. Fùù. Ẹ̀rín àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í tán níkọ̀ọ̀kan. Onífèé fọwọ́ kan ẹnu ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ gbé lójú ọ̀sán gangan. Ìgbà yẹn ló rí èékánná rẹ̀. Ó ti dúdú bí aró.

Ó gbójú sókè wo ìyàwó rẹ̀. Aránṣọ tó ti ní àwàdà lẹ́nu fún ọjọ́ yẹn, gbogbo rẹ̀ wọgbó. Téèpù ló kàn ń lọ́ mọ́ ọwọ́.

"Lọ́la," ni Onífèé wí.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n yà níbi iṣẹ́ ná. Ó fi tọ́ọ̀ṣì lé Òpó lọ́wọ́, ó ní, "Bá mi ṣọ́ yàrá. Má súfèé o, àfi tó bá mọ́ gaara." Òpó tẹrí ba bí ẹni tí wọ́n gbé adé fún, ó sì fi orí gbá ilẹ̀kùn.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan gbé ọ̀pá ihò kan sí i lẹ́nu, ó ní kó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Obìnrin yẹn ń pariwo bí ẹni tó ń gbẹ̀bí: "Ẹ fà á sínú, fà á, fà á! Ó yá, ẹ fẹ́ ẹ, fẹ́ ẹ, fẹ́ ẹ, fẹ́ ẹ, ẹ má dúró, ẹ má dúró, ẹ ti dúró!" Ó tún ní kó tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ló wo ojú ẹ̀rọ, ó wo Onífèé, ó sì lọ pe dókítà láìpariwo mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nọ́ọ̀sì yẹn ló kọ́kọ́ já Onífèé láyà.

Dókítà náà ò dàgbà rárá, ó tó ọmọ tí Onífèé lè bí. Ó fi fọ́tò àyà rẹ̀ kọ́ iwájú iná. "Bàbá, ibi tó yẹ kó dúdú, tí afẹ́fẹ́ wà, rèé. Ẹ wo bó ṣe funfun. Ẹ̀dọ̀fóró yín ti ń di àpá, ó ń le. Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

Onífèé sọ ọ́ fún un. Kíá ló tún fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi iṣẹ́ wa o, dókítà. Ibi iṣẹ́ wa mọ́. Ì bá jẹ́ nígbà ìyẹ̀fun àtijọ́ ni, mi ò ní jiyàn. Dúdú ló máa ń jáde nímú mi nígbà náà."

"Ẹ dúpẹ́ pé ó ń jáde nígbà náà. Eruku ńlá nìyẹn. Irun imú mú un, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mú un, ẹ sì tu ú dànù. Èyí tuntun yìí kéré débi pé kò sóhun tó lè mú púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó ń kọjá imú, ó ń kọjá ọ̀fun, ó ń lọ títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ní àwọn àpò kéékèèké tí afẹ́fẹ́ ti ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ló ń jókòó sí, tó ń jó wọn."

"Rárá o. Mo wò ó! Lójoojúmọ́ ni mò ń fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Bàbá, ó wà níbẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì yín ni ò lè fi í hàn. Kì í sì í tètè balẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣe ló ń léfòó kiri. Ìgbà tẹ́ ẹ rò pé yàrá mọ́, inú rẹ̀ lẹ wà."

Onífèé ń wo fọ́tò funfun yẹn. Gbogbo oúnjẹ ọ̀sán inú yàrá ìfín ló ń padà wá sí i lọ́kàn. Ẹ̀rín wọn níbẹ̀. Òpó lórí bẹ́ǹṣì, tó lanu sílẹ̀, tó ń hanrun. Ẹ̀pà inú ìbòmú. Ta ló ní kí wọ́n bọ́ ọ? Òun ni. Ìfé òun ni.

Ó fò dìde. Àyà rẹ̀ ò jẹ́ kó dúró, ó tún jókòó pà. "Dókítà! Àwọn èèyàn mi! Òpó ló ń súfèé lónìí!"

Fóònù kì í wọ yàrá ìfín, nítorí náà Onítáì ni dókítà pè. Ó tan ohùn fóònù síta kí gbogbo wọn lè gbọ́. Ó ṣàlàyé, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó kó àwọn èèyàn kúrò nínú yàrá náà. Onítáì gbọ́ ọ tán, ó wá fi imú dáhùn: "Dókítà, ẹ fọkàn balẹ̀. Níbí, a kì í fi ìlera ṣeré. A ní òṣìṣẹ́ tó ń fi iná yẹ afẹ́fẹ́ wa wò lójoojúmọ́. Onífèé lorúkọ rẹ̀. Ọlọ́gbọ́n ni. Ẹ wá bi í."

Ó dà bíi pé wọ́n da omi yìnyín lé Onífèé lórí. Òun? Òun ni wọ́n fi ń ṣẹ̀rí?

Ó já fóònù gbà. "Ọ̀gá, èmi rèé. Èmi Onífèé. Ọgbọ́n yẹn ò ṣiṣẹ́. Ẹ kó wọn jáde."

"Ta nìyẹn?"

"Onífèé ni, ọ̀gá!"

"Ohùn Onífèé kọ́ nìyí. Onífèé kì í dún bí adìyẹ tí òjò pa. Ẹ̀yin oníjìbìtì orí fóònù, ẹ ti pọ̀ jù. Tó bá jẹ́ ìwọ ni lóòótọ́, súfèé kí n gbọ́."

Onífèé ká ẹnu roboto. Ojú rẹ̀ wú, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta.

Fùù.

Wọ́n wá gbọ́ ọ. Láti inú fóònù, lọ́nà jíjìn, lẹ́yìn ilẹ̀kùn irin: Fíì-fíì-fííííì-fíò! Òpó ni. Ó kọ́ ọ dáadáa, kò ṣì í rárá. "Ṣé ẹ gbọ́?" ni Onítáì wí. "Onífèé wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀." Ó sì pa fóònù.

Onífèé fẹ́ dìde, dókítà àti nọ́ọ̀sì dì í mú, wọ́n ti ki rọ́bà afẹ́fẹ́ bọ̀ ọ́ nímú. Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó ń mí bí ẹni tó sáré. "Ìyá wọn. Òpó… Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́… sọ fún wọn…" Kò lè parí rẹ̀. Aránṣọ ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló padà wá ròyìn rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òun ló ń rán aṣọ iṣẹ́ gbogbo wọn, nítorí náà ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ò dá a dúró, ó kàn ń bi í pé ibo ni ṣòkòtò òun wà. Kò dá a lóhùn. Ó kọjá lára Onítáì bí atẹ́gùn. Ó ti ilẹ̀kùn irin. Wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n kẹ̀yìn sí i, oúnjẹ wà lórí ẹsẹ̀ wọn, ìbòmú wà lórí ìṣó. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ mọ́ gaara. Ó ní ìyẹn gan-an ló já òun láyà jù, bó ṣe mọ́ tó.

Ó mọ̀ pé tí òun bá fi ohùn ara òun pariwo, wọ́n á yí padà, wọ́n á kí òun, wọ́n á bi òun pé kí ló dé, wọ́n á sì máa mí i lọ. Ló bá ki ohùn nípọn. Ó ti àyà síwájú.

"Ẹ wọ̀ ọ́! Ẹ wọ ìbòmú yín! Ta ló ní kí ẹ bọ́ ọ? Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ jáde!"

Ohùn Onífèé. Ohùn rẹ̀ gan-an, kó tó máa dún bí adìyẹ. Ọwọ́ wọn ti dé ara ìṣó kí wọ́n tó ronú. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ fi tiẹ̀ bo ojú tòun tẹ̀pà, ẹ̀pà ń dà wàràwàrà sọ́rùn rẹ̀. Òpó fi orí gbá ilẹ̀kùn. Ìgbà tí wọ́n jáde síta ni wọ́n tó wẹ̀yìn, tí wọ́n rí i pé Aránṣọ ni, téèpù lọ́rùn, tí omi ń dà lójú rẹ̀.

"Níbo ni ọkọ yín wà?" ni Òpó bi í.

"Kò lè súfèé mọ́," ló dáhùn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà làwọn kan tí dókítà ránṣẹ́ pè gbé ẹ̀rọ wá, èyí tó ń gbọ́ eruku tí ojú ò rí. Wọ́n ní kí Òpó tan tọ́ọ̀ṣì: gaara. Wọ́n tan ẹ̀rọ tiwọn, ó han bí ọmọ ìkókó. Onítáì dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń wá ọrùn, ó ń tú táì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n rí ọrùn rẹ̀. Wọ́n ti yàrá náà pa. Wọ́n yẹ àyà gbogbo wọn wò: ti Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ti ní àpá níbì kan, kò jẹun dáadáa láti ìgbà náà. Ti Òpó ṣì mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó máa padà wá.

Dókítà ò tan Onífèé jẹ. Ó ní ibi tó ti di àpá ò ní rọ̀ mọ́, èyí tó ṣẹ́ kù ni kí wọ́n jọ máa tọ́jú. Àga rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé báyìí, níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ, ìgò afẹ́fẹ́ gbọọrọ dúró tì í, rọ́bà wà nímú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan Òpó gbé tọ́ọ̀ṣì olórí pupa wá fún un. Onífèé ò gbà á. Aránṣọ ló gbà á, ó ń fi í wá abẹ́rẹ́ tó bá já bọ́.

Wọ́n ṣì ń jà o, ẹ má bẹ̀rù. "'Ẹ fẹ́ ẹ, fẹ́ ẹ, ẹ má dúró!'" ni Aránṣọ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ tó bá ń fún un lóògùn, Onífèé á sì gbé ọwọ́ sókè pé kó má pa òun lẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ń gba afẹ́fẹ́. Tó bá fẹ́ pe èèyàn, kò lè ké mọ́, síbí ló fi ń gbá ife tíì. Ẹ̀ẹ̀kan jẹ́ ti ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì…

Ẹ dúró ná. Ko-ko.

Èmi nìyẹn. Ko-ko! Ko-ko! Ó ti ń kánjú.

Mo ń bọ̀, sà!